Ìbéèrè àti Ìdáhùn: «-te iru» kì í ṣe «ń»

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ó di oṣù méjì tí mo ti ń fúnra mi kọ́ èdè Jàpáànù. Mo ra àtẹ kan tó to àsìkò méjìlá ọ̀rọ̀-ìṣe wọn sílẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní bí mo bá há a sórí, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá ni màá máa sọ ọ́. Mo ti há a sórí, síbẹ̀ n kò rí èyí tó dúró fún «màá», ohun tí mo sì ń gbọ́ nínú fídíò kò bá àtẹ náà mu. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú ìsapá. Ṣùgbọ́n da àtẹ yẹn nù. Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé irú rẹ̀ wá bá mi, ó sì ń bí mi nínú, torí pé owó ọmọ tó fẹ́ mọ̀wé ni wọ́n ń gbà. Èdè Jàpáànù kò ní àsìkò méjìlá. Méjì péré ló ní.

Ọ̀kan parí sí u: taberu (jẹ), nomu (mu), iku (lọ). Èkejì parí sí ta tàbí da: tabeta, nonda, itta. O kò rí «màá» torí pé kò sí níbẹ̀. Taberu yìí kan náà ni «mo máa ń jẹ ẹ́», òun náà ni «màá jẹ ẹ́». Bí ashita, ìyẹn ọ̀la, bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo wa. Ṣé o rántí àsìkò afànámónìí tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé? «Mo ra iṣu» jẹ́ ti àná, «mo mọ̀ ọ́n» jẹ́ ti òní, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì yí padà. Àwa so àná mọ́ òní, a yọ ọ̀la sọ́tọ̀. Àwọn so òní mọ́ ọ̀la, wọ́n yọ àná sọ́tọ̀. Bí àwa náà, wọn kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí èmi, ìwọ tàbí òun.

Ohun tó ń dà ọ́ láàmú gan-an, mo mọ̀ ọ́n láì rí àtẹ rẹ: wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé -te iru, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí te tàbí de tí iru sì tẹ̀ lé e, ni «ń». Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣubú, torí pé ó kọ́kọ́ ń jọ òótọ́. Tabete iru, ó ń jẹun. Yonde iru, ó ń kàwé. Ó dùn, àbí? Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànù. Ọ̀gá rẹ̀ bi í lórí fóònù pé: Tanaka-san wa kite imasu ka? Imasu ni iru tí a fi ọ̀wọ̀ sọ, kuru sì ni «wá», torí náà ó gbà pé wọ́n ní «ṣé Tanaka ń bọ̀?» Tanaka sì ń bọ̀ lóòótọ́, ó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ọmọ náà dáhùn pé: Hai, kite imasu. Nígbà tí ọ̀gá wọlé, àga Tanaka ṣófo. Ohun tí wọ́n bi í ni «ṣé Tanaka ti dé?» Ohun tí òun sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ni «bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé, ó wà níbí». Wọ́n kà á sí òpùrọ́, ọmọ tí kì í purọ́.

Okane ga ochite iru: kì í ṣe pé owó ń já bọ́ láti òkè. Owó ti bọ́ sílẹ̀, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mado ga aite iru: fèrèsé wà ní ṣíṣí. Sakana ga shinde iru: ẹja náà ti kú, má wulẹ̀ bu omi sí i. Kekkon shite iru: ó ti ṣègbéyàwó, ó ní ẹnìkejì nílé, kì í ṣe pé wọ́n wà níbi ayẹyẹ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1950, onímọ̀ èdè kan, Kindaichi Haruhiko, pín ọ̀rọ̀-ìṣe wọn sí ọ̀nà mẹ́rin nítorí -te iru yìí. Méjì ló kàn ọ́ báyìí. Bí nǹkan bá ṣeé ṣe fún wákàtí kan gbáko, bíi ká jẹun tàbí ká kàwé, -te iru rẹ̀ ni «ń… lọ́wọ́». Bó bá jẹ́ ìyípadà ojú ẹsẹ̀, bíi kú, dé, bọ́ sílẹ̀, «ti» ni, ohun tó sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Shiru náà ni: shitte iru, mo mọ̀ ọ́n. Ta ló ń sọ pé «mo ń mọ̀ ọ́n» nínú wa? Òdiwọ̀n yìí kò bo gbogbo rẹ̀ o. Kite iru láti ara kiru (wọ aṣọ) lè jẹ́ «ó ń wọ̀ ọ́» tàbí «ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn». Bákan náà, ẹ̀ka èdè ìwọ̀-oòrùn Jàpáànù níbi púpọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀: shinyoru, ó ń kú lọ, shindoru, ó ti kú.

Ní ti híhá sórí, -te ni kí o lo agbára rẹ fún: kaku (kọ̀wé) di kaite, nomu di nonde, matsu (dúró dè) di matte. Bí o bá ti mọ -te, o ti mọ -ta: kaita, nonda, matta. Àwọn tó ya pòkíì gan-an kò ju suru (ṣe) àti kuru lọ, iku sì yà díẹ̀: itte. Ṣọ́ kaeru. «Padà sílé» di kaetta, «yí nǹkan padà» di kaeta. Ní Tokyo, ohùn ti àkọ́kọ́ ga lórí ka kó tó wálẹ̀. Ti èkejì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, kò sì wálẹ̀ mọ́. Etí tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ á gbọ́ ọ.

Bí o bá fẹ́ ṣe JLPT, ìyẹn ìdánwò ìmọ̀ èdè Jàpáànù, ní ìpele N5 tó rọrùn jù, oṣù Keje àti oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe é, àmọ́ ibòmíràn ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, nítorí náà wádìí ti ibi tí o wà. N kò lè ṣèlérí pé wàá yege. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tó, ẹnikẹ́ni tó bá ní ó tó ń tàn ọ́ ni. Lálẹ́ òní, mú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́wàá tí o ti mọ̀, kọ -te iru wọn, kí o sì kọ «ń» tàbí «ti» sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi ránṣẹ́ sí mi, màá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹni tó ta àtẹ náà fún ọ bá sì ṣì ń gbé fóònù, gba owó rẹ padà.