Fèrè onírin tuntun tó ń han: ṣé kí n dá a padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa l'Ọ́yọ̀ọ́ ni mo wà. Mo fọn rikọ́dà dáadáa níléèwé. Mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fèrè onírin tí wọ́n ń pè ní tin whistle, ti kí (key) D. Ohùn òkè rẹ̀ ń han, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò dúró, tó bá sì pẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ á há. Ẹni tó tà á ní òun ṣì lè gbà á padà. Ṣé fèrè yìí ni kò dáa ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì dá a padà. Rikọ́dà tó ti mọ́ ọ lára ló ń dà ọ́ láàmú. Rikọ́dà ní ihò kan lẹ́yìn tí àtàǹpàkò ń dí, òun la sì ń ṣí díẹ̀ tí a bá fẹ́ gun ohùn òkè. Fèrè tìrẹ kò ní in. Ihò mẹ́fà péré ló ní, iwájú ni gbogbo wọn wà, èémí ló sì ń gbé e gòkè. Dò ìsàlẹ̀ ń fẹ́ èémí pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògì gbígbóná. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fò lọ sókè fúnra rẹ̀. Ohùn òkè ní tiẹ̀ ń fẹ́ èémí tó yá, tó sì dúró ṣinṣin. Ẹ̀rù ará ilé ló máa ń mú kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa fọn ọ́n jẹ́jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kó han. Lọ sí pápá iléèwé nírọ̀lẹ́, kí o fọn ọ́n síta. Spokes Mashiyane àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fọn kwela, orin tí wọ́n ń fi irú fèrè yìí kọ, ní Gúúsù Áfíríkà láwọn ọdún 1950, ìgboro ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń fọn ọ́n.

Ó ku ti ìka. Ṣí gbogbo ihò sílẹ̀, ìyẹn ni tì. Dí èyí tó súnmọ́ ẹnu jù, ó di là. Máa fi ìka kún un lọ́kọ̀ọ̀kan: sò, fà, mì, rè, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi dí, tó di dò. Ìka tó bá balẹ̀ tí ohùn sì han, òun ni kò dí ihò rẹ̀ dáadáa. Yí ọwọ́ padà, wo àmì róbótó tí ihò fi sára ìka. Bí àmì náà kò bá pé yíká, afẹ́fẹ́ ń gba apá ibẹ̀ jáde. Ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ibi tó lẹ́ran lára ìka ni kí o fi dí i, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀.

Ti híhá yẹn, omi ni. Èémí gbóná, irin tutù, ló bá di omi sínú ọ̀nà tóóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà lẹ́nu fèrè. Tí ọyẹ́ bá dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mi ò kì í jẹ́ kí akọrin mi kankan fọn fèrè níṣìn òwúrọ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi orí fèrè náà sábẹ́ apá kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń ran ohùn náà lọ́wọ́, torí fèrè tó tutù máa ń lọ sílẹ̀ ju kíbọ́ọ̀dù lọ. Bó bá há lójú ìjọ, fi ìka bo ojú fèrè, ìyẹn ihò tó wà lókè nítòsí ẹnu rẹ̀, kí o fẹ́ ẹ kíkankíkan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá dé ilé, po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ mọ́ omi, dà á gba ẹnu rẹ̀ kọjá, kó sì gbẹ fúnra rẹ̀. Ọṣẹ kì í jẹ́ kí omi kóra jọ síbẹ̀. Jọ̀wọ́, má ki abẹ́rẹ́ tàbí ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ o! Etí tínínrín tí afẹ́fẹ́ ń lọ pàdé lójú fèrè ni ohùn ti ń wá. Tó bá ti gé, kò sí àtúnṣe tó rọrùn.

Bí etí náà bá ti wọ́ látilẹ̀, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń yọ níbi tí orí fèrè ti wọ ara idẹ, ìyẹn tó dídá padà. Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn. Bí dò kò bá dúró lẹ́nu tiẹ̀ náà, gba owó rẹ.

O ò bèèrè èyí, àmọ́ ó máa kàn ọ́: kí D àti kí G ló rọrùn fún fèrè yìí. Bí ìjọ bá ń kọrin ní kí F, bẹ ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kó gbé e wá sí D. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ló ní bọ́tìnnì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní kí G, ihò mẹ́ta òkè tí o bá dí ni dò. Fún fà rẹ̀, ṣí ihò àkọ́kọ́, kí o sì dí ìkejì àti ìkẹta.