Ìbéèrè Yín: Kí Ni Awò Mẹ́rin Ń Rí Tí Ẹyọ Kan Kò Rí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ a máa so awò awọ̀nàjíjìn mẹ́rin pọ̀ láti fi wo ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Bí ojú mẹ́rin bá jọ wo ohun kan náà, kí ni wọn yóò rí tí ojú kan kò ní rí?
Olùkọ́ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́. Bí ẹ bá dúró nítòsí òkè Olósùnta lálẹ́, tí ọkọ̀ kan sì ń bọ̀ láti ọ̀nà Adó, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì yóò kọ́kọ́ dà bí ẹyọ kan lójú yín. Ìgbà tí ó bá súnmọ́ ni yóò tó pín sí méjì. Ìràwọ̀ kò ní súnmọ́ wa ní tirẹ̀, nítorí náà ojú tí a fi ń wò ó ni a ní láti mú fẹ̀, nítorí bí dígí awò bá ṣe fẹ̀ tó ni ó ṣe ń ya ohun tí ó fara kínra sọ́tọ̀. Ní òkè Paranal, ní orílẹ̀-èdè Chile, awò ńlá mẹ́rin ló wà, dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní mítà 8.2. Bí wọ́n bá da ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀, wọ́n a máa ṣe bí dígí kan tí ó fẹ̀ tó mítà 130, èyí tí í ṣe àlàfo àárín àwọn méjì tí ó jìnnà síra jù lọ. (Kì í ṣe pé wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ti irú dígí bẹ́ẹ̀ o.)

Ẹ má rò pé fọ́tò mẹ́rin ni wọ́n ń tò léra. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń mú pàdé. Ẹ ju òkúta wẹ́wẹ́ méjì sínú bàsíà omi tí ó dákẹ́: níbi tí orí ìgbì bá ti pàdé orí ìgbì, omi á ru sókè, níbi tí orí bá ti pàdé kòtò, á pa rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìmọ́lẹ̀ awò méjì ṣe ń ya ìlà dúdú àti ìlà funfun, bí àwọn ìlà náà bá sì ṣe hàn gbangba sí ni a fi ń mọ bí ìràwọ̀ náà ṣe fẹ̀ tó.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì rìn gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba, débi pé ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lè ba ohun gbogbo jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìmọ́lẹ̀ a máa kan awò kan ṣáájú èkejì, ìyàtọ̀ náà sì ń yí padà bí ayé ti ń yí. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n gbé dígí sórí kẹ̀kẹ́ tí ń rìn lórí irin nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó tètè dé lè gba ọ̀nà ọ̀hún yípo kí èkejì tó bá a.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1920, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Michelson àti Pease, fi irú rẹ̀ wọn bí ìràwọ̀ Betelgeuse ṣe fẹ̀ tó ní òkè Mount Wilson, ní Amẹ́ríkà. Lórí òkè kan náà lónìí, awò mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní CHARA wà níbẹ̀. Ní ọdún 2007 wọ́n fi hàn pé ìràwọ̀ Altair kò rí roboto, pé ó ń yí kíákíá débi pé ikùn rẹ̀ yọ síta, tí orí àti ìdí rẹ̀ sì tẹ̀ wọlé.