Ṣé iléeṣẹ́ lè da omi ìdọ̀tí ju ìwọ̀n tí ìwé àṣẹ gbà lọ nígbà tí àyè bá ṣẹ́ kù ní ibùdó ìtọ́jú omi?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ohun tó wà nínú omi náà. Ìwọ̀n inú ìwé àṣẹ sábà máa ń dúró lójú kan, nítorí pé àkókò tí ẹrù ibùdó bá wúwo jù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní òru, nígbà tí omi tó ń ti inú ilé àwọn ènìyàn wá bá dínkù, àwọn àgbá ibẹ̀ lè tọ́jú ju ohun tó ń wọlé lọ. Ìlànà tó ṣeé yí padà ń jẹ́ kí iléeṣẹ́ tó ní àgbá ìpamọ́ tú omi rẹ̀ sílẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ó sì dá a dúró nígbà tí òjò ńlá bá kún inú páìpù.

Lójú tèmi, omi iléeṣẹ́ apọntí àti ti wàrà ló bá èyí mu jù, nítorí pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún àwọn bakitéríà tó ń sọ náítírétì, ìyẹn èròjà náítírójìn inú omi ìdọ̀tí, di gáàsì. Àwọn ibùdó kan tilẹ̀ ń fowó ra mẹtanọ́ọ̀lù, kẹ́míkà olómi tó ní kábọ́ọ̀nù, fún iṣẹ́ yìí kan náà. Ti òjé àti kádímíọ̀mù, tí wọ́n jẹ́ irin olóró, yàtọ̀: bakitéríà kò lè jẹ wọ́n run, wọn yóò kóra jọ sínú ẹrẹ̀ àgbá tàbí kí wọ́n bá omi lọ sínú odò, nítorí náà ìwọ̀n tiwọn kò gbọdọ̀ yí padà.

Kí ibùdó náà lè mọ̀ bóyá àyè ṣì wà, ó nílò ẹ̀rọ tó ń wọn amóníà àti ọ́síjìn inú omi láìdáwọ́ dúró, àti àdéhùn tó fún un láṣẹ láti dá omi iléeṣẹ́ dúró nígbàkigbà.