Oṣù mẹ́wàá ní Göttingen: ṣé onírìn-àjò ni akẹ́kọ̀ọ́ àbí onílé?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù aláékúmù, Àáfà wa. Ọmọ yín láti Ìlọrin ni mí. Ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé mi wá sí yunifásítì Göttingen ní Jámánì. October ni mo dé, ìparí July ni mo máa padà. Mùsùlùmí kan tí a jọ ń gbé ní onírìn-àjò ni mí títí màá fi délé, pé kí n máa kí Ayílà, Àlàásárì àti Ìṣáì ní ràkáà méjì méjì, àti pé Jímọ̀ ò di dandan fún mi. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé Ibn Umar, sàábé Ànábì, dín ìrun kù fún oṣù mẹ́fà ní Azerbaijan. Mi ò tíì ṣe é, torí ọkàn mi ò gbà á. Wọ́n tún ní tó bá di ìgbà ooru, Ìṣáì máa ń pẹ́ gan-an kó tó wọlé níbí. Báwo ni màá ṣe ṣe é, nígbà tí mo bá ní kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀?

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàláàmù wa ráhmátúláhì, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí o kó èrè oko ìmọ̀ délé.

Ọ̀rọ̀ Ibn Umar tí ọ̀rẹ́ rẹ mú wá kì í ṣe irọ́. Ohun tí kò sọ fún ọ ni pé yìnyín ló dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ẹni tó ń sọ pé "òní ni mò ń lọ, ọ̀la ni mò ń lọ", tí kò mọ ọjọ́ tí ọ̀nà máa là, onírìn-àjò ni, kódà bó pẹ́ níbẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Òfin Jámánì ní kí ẹni tó bá kó wọlé lọ sí ọ́fíìsì ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ forúkọ sílẹ̀ pé "ibí ni mò ń gbé". O lọ, wọ́n sì fún ọ ní ìwé rẹ̀. O ń san owó yàrá lóṣooṣù. O mọ oṣù tí o máa padà. Bí mo bá sì mọ àwọn ará ibẹ̀ dáadáa, orúkọ rẹ ti wà lára àpótí lẹ́tà àti agogo ẹnu ọ̀nà. Ta ló tún fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní onírìn-àjò?

Lójú ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì tí a ń tọ̀ nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ti gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan, yóò máa kí ìrun rẹ̀ ní pípé. Ojú ọ̀nà Hánáfì fún un láyè láti dín ìrun kù tó bá kéré sí ọjọ́ 15. Àwọn onímọ̀ kan wà, Ibn Taymiyyah wà lára wọn, tí wọn ò fi ọjọ́ dè é, tí wọ́n ní ohun tí àwọn ènìyàn bá ń pè ní ìrìn-àjò ni ìrìn-àjò. Bí a bá tilẹ̀ gba tiwọn, oṣù mẹ́wàá nínú ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ kì í ṣe ìrìn-àjò. Nítorí náà, kí mẹ́rin rẹ ní mẹ́rin. Ààwẹ̀ Ramadan náà di dandan fún ọ bí ti ilé. Bí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin fún ọjọ́ méjì, ìgbà yẹn ni o lè dín in kù. Hannover náà tó ìwọ̀n. Kassel ò tó o, torí nǹkan bí kìlómítà 80 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n.

Tó bá jẹ́ pé onílé ni ọ́, Jímọ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìyẹn. Ibí yìí ni kí o ti fara balẹ̀. Mo gbọ́ pé ní yunifásítì wọn, kíláàsì kì í bẹ̀rẹ̀ ní déédéé aago, ìṣẹ́jú 15 gbọ́dọ̀ kọjá: èyí tí wọ́n bá kọ sí aago 12, aago 12:15 ló ń bẹ̀rẹ̀, aago 1:45 ló ń parí. Ní ìlú rẹ, ní àárín October, nǹkan bí aago 1:05 ni Ayílà ń wọlé. Ṣùgbọ́n Sunday tó kẹ́yìn October, wọn yóò dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà lọ, Ayílà ti di nǹkan bí 12:05, títí yóò fi rọra sún dé 12:35 nínú February. Tó bá wá di April, ó ti padà sí nǹkan bí 1:20. Kíláàsì ọjọ́ Jímọ̀ tí kò dí ọ lọ́wọ́ nígbà tí o mú un lè wá gba orí kútúbà (ìwàásù Jímọ̀) kọjá nínú November. Lọ sí mọ́sálásí kí o tó mú kíláàsì ọjọ́ náà, kí o wo ìwé àsìkò wọn ti gbogbo ọdún. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ yíyàn wà níbẹ̀. O ò lè fọwọ́ ara rẹ yan wákàtí Jímọ̀ fún nǹkan mìíràn, kí o wá máa pè é ní àwáwí.

Ìdánwò tí wọ́n dájọ́ rẹ̀ fún ọ yàtọ̀. Bí o bá bẹ olùkọ́ tí kò gbà, kí Ayílà rẹ ní ràkáà mẹ́rin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ. Àmọ́ ṣọ́ra fún Jímọ̀ mẹ́ta léraléra. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹni tó bá fi ìjáfara pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, Ọlọ́hun yóò di ọkàn rẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí Jámánì ló jẹ́ ti àwọn ará Tọ́kì, èdè wọn ni wọ́n sì sábà ń fi ṣe kútúbà. Jókòó, kí o dákẹ́; Jímọ̀ rẹ pé.

Ní ti Ìṣáì, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Ní ìparí June, nǹkan bí aago 9:40 alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Göttingen. Láti ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú May títí dé nǹkan bí ogúnjọ́ July, òkùnkùn kì í ṣú tán lápá àríwá ojú ọ̀run. Oòrùn kì í lọ sísàlẹ̀ tó dìgírì 18 tí ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà fi ń mọ Ìṣáì. Ìdí nìyẹn tí kàlẹ́ńdà kan fi máa sọ pé aago 11:30, tí òmíràn á ní ó di ọ̀gànjọ́. Nígbà tí àwọn sàábé bi Ànábì léèrè nípa ọjọ́ Dàjáàlì (ẹlẹ́tàn ìgbà ìkẹ́yìn) tí yóò gùn tó ọdún kan, bóyá ìrun ọjọ́ kan máa tó fún un, ó ní rárá, kí wọ́n díwọ̀n rẹ̀. Ìmáàmù Muslim ló gbà á wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀. Orí èyí ni àwọn onímọ̀ dúró lé láti máa ṣírò àsìkò fún irú ìlú yẹn. Mú ti mọ́sálásí ìlú rẹ, kí o sì dúró tì í. Má jókòó ti áàpù mẹ́ta lálẹ́, kí o máa wá èyí tó yá jù nínú wọn.

Ṣé o lè pa Mọ̀ngáríbì àti Ìṣáì pọ̀? Àwọn àgbà ojú ọ̀nà Málíkì kì í gbà á fún onílé bí kò bá sí òjò tàbí àìsàn tàbí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ibn Abbas, sàábé Ànábì, gbà á wá pé Ànábì pa ìrun pọ̀ ní Mẹ̀dínà láìsí ìbẹ̀rù, láìsí òjò, kí ìnira má baà bá ìjọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Fátúwà ti ilẹ̀ Yúróòpù sì gbà á láyè nígbà ooru. Èmi náà gbà á fún ọ, láwọn ọ̀sẹ̀ tí mo dárúkọ yẹn, ní alẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá máa mọ́ bá kíláàsì aago mẹ́jọ. Bí o bá ti kí Mọ̀ngáríbì, dìde, kí Ìṣáì tẹ̀ lé e ní ràkáà mẹ́rin. Pípa pọ̀ kì í ṣe dídín kù. Ní April, àti ní alẹ́ Friday tí o ò ní lọ ibì kankan lọ́jọ́ kejì, dúró de àsìkò rẹ̀. Oòrùn June a sì máa yọ ní nǹkan bí aago márùn-ún, nítorí náà tètè sùn fún Àsùbáà.

December ni èmi ń rò fún ọ ju June lọ. Nǹkan bí aago 2 ni Àlàásárì ń wọlé, oòrùn a sì wọ̀ ní nǹkan bí 4:10. Bí kíláàsì rẹ bá lọ láti 2:15 sí 3:45, yálà kí o kí i kí o tó wọlé, tàbí kí o kí i ní kété tí ẹ bá jáde. Ṣe àlúwàlá nílé, kí o má baà máa gbé ẹsẹ̀ sínú agbada ìfọwọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ; igun àtẹ̀gùn tó bá mọ́ tó láti kírun. Fi ìwé àsìkò mọ́sálásí náà àti tàbìlì kíláàsì rẹ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wò ó. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.