Ṣé mo lè pààrọ̀ ọ́ìlì gíà Camry mi fúnra mi nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Camry 2004 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnì 2.4. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì fúnra mi, àmọ́ ẹ̀rù gíà ń bà mí. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní tí mo bá fọwọ́ kan ọ́ìlì gíà ọkọ̀ tó ti pẹ́, gíà náà máa kú. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e wá, kí òun fi ẹ̀rọ fọ gbogbo inú rẹ̀. Gíà náà kò ṣe nǹkan kan o, ọ́ìlì rẹ̀ ló kàn dúdú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Ṣé mo sì lè ṣe é nílé? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é nílé. Ọkọ̀ yín wà lára àwọn tó rọrùn jù, torí pé ó ní géèjì tí ẹ lè fi wo ọ́ìlì gíà, ó sì ní nọ́ọ̀tì tí ẹ máa tú kí ọ́ìlì lè dà jáde. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ní géèjì yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yín, irọ́ ibẹ̀ kò tó irọ́, òótọ́ ibẹ̀ náà kò pé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ọ́ìlì gíà àfi ìgbà tí gíà bá ti ń yọ̀: ẹ óò tẹ iná, ẹ́ńjìnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ, tàbí kí ẹ fi sí D, kó máa rò ó kó tó mú. Nígbà yẹn, àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú gíà, ìyẹn àwọn àwo tó ń di ara wọn mú kí ọkọ̀ lè lọ, ti jẹ. Wọ́n á wá sáré pààrọ̀ ọ́ìlì, gíà á kú lọ́sẹ̀ kejì, ọ́ìlì tuntun ni wọ́n á dá lẹ́bi. Òkú ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tí gíà yín bá ti ń yọ̀, ẹ fi owó ọ́ìlì pa mọ́, ẹ máa fi kún owó gíà. Ṣùgbọ́n tó bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bí ẹ ṣe sọ yẹn, ọ́ìlì tuntun tó bá a mu kò ní pa á.

Ẹni tó ní kí ẹ gbé e wá fún fífọ̀ gan-an ni èmi ò fara mọ́. Inú gíà ọtomátíìkì kún fún ojú ihò tín-ín-tín tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kó tó lè yí gíà padà. Ìdọ̀tí tó ti sùn sísàlẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí ẹ̀rọ bá fi ipá tì í dìde, ó lè lọ dí ibi tí kò yẹ. Ọkọ̀ tí a ò mọ bí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa tú ọ́ìlì rẹ̀ dà díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fa géèjì gíà yọ, kí ẹ kán ọ́ìlì ibẹ̀ sórí tíṣù funfun. Ọ́ìlì tuntun máa ń pupa fòò. Tó bá ti pọ́n ṣókùnkùn tàbí tó di búráùn, ọjọ́ orí ni. Tó bá dúdú kirikiri, tó tún ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí tí ẹ rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú rẹ̀, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ gíà wò ó. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni kó pọ́n tó ń funfun, kó sì ki. Omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Páìpù méjì ló ń gbé ọ́ìlì gíà lọ sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kó lè tutù. Tí irin tó pààlà sáàárín ọ́ìlì àti omi níbẹ̀ bá ti jẹ, àwọn méjèèjì á dàpọ̀. Omi ẹ̀rọ tí a máa ń rọ sínú rédíétọ̀ dípò kúláǹtì wà lára ohun tó ń jẹ irin yẹn. Àgbàrá tó mu ọkọ̀ náà lè gba ihò èémí gíà wọlé. Ẹ má wa ọkọ̀ tó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ síbì kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fà á.

Ní ti ọ́ìlì, Toyota Type T-IV ni ti ọkọ̀ yín. Tí ẹ bá máa ra ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ T-IV tàbí JWS 3309 sára ike rẹ̀. Ẹ wo ara géèjì náà pẹ̀lú, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ọ́ìlì síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé pupa ṣáà ni gbogbo wọn. Dexron III náà pupa. WS tí Camry Muscle (ti 2007 sí 2011) ń lò náà pupa, ó sì fúyẹ́ ju tiyín lọ. Toyota kò fọwọ́ sí i pé kí a fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe máa di ara wọn mú wà lọ́wọ́ irú ọ́ìlì tó wà níbẹ̀. Ẹ ra lítà 4 fún ìgbà kan, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó má gbóná jù o, ọ́ìlì gíà gbígbóná máa ń bó èèyàn. Ẹ gbé e sórí kọnkéré tó tẹ́jú, ẹ fi sí P, ẹ fa háńbíréèkì, ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ sì fi sítáǹdì méjì gbé e dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló dì í mú. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe sítáǹdì, ó lè fọ́ lójijì.

Nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì lẹ óò bá pàdé. Èyí tí sípánà 14 ń tú, ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ti gíà wà ní apá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, alẹ́ńkíì 10 ló ń wọ inú ihò rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n da ọ́ìlì gíà rẹ̀ nù, tí wọ́n wá rọ ọ́ìlì tuntun kún ẹ́ńjìnì tí wọn ò tú rárá. Ẹ gbé báfù sábẹ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà, kí ẹ jẹ́ kó kán tán pátápátá. Ẹ fi wáṣà tuntun sí i kí ẹ tó dá a padà. Kó le, àmọ́ kì í ṣe ìjàkadì.

Ohun tó jáde ni kí ẹ wọ̀n báyìí. Ike omi 1.5 lítà dára fún èyí: nǹkan bíi méjì àti díẹ̀ ni yóò kún, torí 3.5 lítà ló sábà máa ń dà. Iye tó jáde gan-an ni kí ẹ dá padà, nípasẹ̀ ihò géèjì, pẹ̀lú àrọ ọlọ́rùn gígùn. Ẹ rọra dà á, ihò náà tóóró.

Bí ẹ óò ṣe mọ̀ pé ó tó ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe dáadáa. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tan án, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi gíà kọjá gbogbo ipò láti P dé L, kí ẹ máa dúró díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún dá a padà sí P. Ẹ má pa ẹ́ńjìnì. Ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé tán, ẹ tún fà á: kó wà láàárín àmì COOL. Lẹ́yìn náà ẹ wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún un wò bákan náà, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmì HOT ló kù tí ẹ máa gbára lé. Tí kò bá tó, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Tó bá pọ̀ jù, ọ́ìlì á máa hó, á ru ìfófòó, ìfófòó ò sì lè ti gíà. Honda yàtọ̀ o: ẹ́ńjìnì á gbóná, ẹ óò pa á, kí ẹ tó wo géèjì láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀.

Ọ́ìlì inú gíà yín lápapọ̀ ju lítà 7 lọ, torí náà èyí tí ẹ pààrọ̀ kò tó ìdajì. Ìyókù wà nínú torque converter (ìkòkò irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà) àti páìpù. Ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì ṣe ẹ̀kẹta. Owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tuntun ṣe máa pọ̀ ju ògbólógbòó lọ láìsí wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi máa ń sọ pé kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo 60,000 kìlómítà, nítorí ooru àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wa. Ẹ rántí pé máìlì ni mítà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà: nǹkan bí 37,000 nìyẹn.

Páànù (àwo irin tó bo ìsàlẹ̀ gíà) àti fílítà ńkọ́? Fílítà yín jẹ́ àwọ̀n irin, kì í tètè bàjẹ́. Nọ́ọ̀tì páànù kéékèèké ni, inú àlúmíníọ̀mù ni wọ́n sì ń wọ̀. Ó rọrùn láti já wọn. Ẹ fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àyàfi tó bá ń jò. Ọjọ́ tí ẹ bá tú u, ẹ máa rí mágínẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ irin eérú lára. Ẹ nù ún, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni. Èérún irin ńlá ni kò yẹ.

Ẹni tó ń ka èyí tó ní Camry 2010 tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 2.5, tàbí ọkọ̀ tó ń lo CVT (gíà ọtomátíìkì tó ń lo bẹ́líìtì dípò gíà oníìpele), kó má fi ìlànà yìí ṣe tirẹ̀. Kò sí géèjì lára Camry yẹn àti púpọ̀ nínú ọkọ̀ CVT, ìgbóná ọ́ìlì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó tó, ọ́ìlì CVT sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ má da ọ́ìlì àtijọ́ sí gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, káfíńtà àdúgbò yín lè gbà á fi kun igi òrùlé nítorí ikán. Kí ẹ tó sùn, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ nọ́ọ̀tì gíà. Tí ẹ bá rí àbàwọ́n pupa lórí rẹ̀ láàárọ̀, wáṣà yẹn kò jókòó dáadáa, ẹ fún nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ sí i kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde.