Mo fẹ́ gba ológbò tó ti dàgbà: kí ni kí n rà, èló ni kí n yà sọ́tọ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn, kò sì lè mú ológbò rẹ̀ dání. Abo ni, ọmọ ọdún 5, inú ilé nìkan ló ti ń gbé láti kékeré. Mo ti gbà pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò sin ológbò rí. Kí ni kí n ti rà sílẹ̀ kí ó tó dé? Báwo ni mo ṣe lè ṣírò owó tí yóò máa ná mi?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ó tó dé. Ẹ ní àǹfààní kan tí ẹni tó gba ọmọ ológbò kò ní: ìwà ẹran yìí ti hàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa sì wà nítòsí. Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ jókòó ti ọ̀rẹ́ yín. Oúnjẹ wo ló ń jẹ, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́? Irú yanrìn wo ló ń yàgbẹ́ sí? Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹ́yìn? Ṣé wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀? Kí ló máa ń bà á lẹ́rù? Ẹ gba ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gba aṣọ tó máa ń sùn lé. Ẹ má fọ aṣọ náà o. Òórùn ara rẹ̀ tó wà lára rẹ̀ yóò fi í lọ́kàn balẹ̀ ju ibùsùn tuntun lọ.

Ohun tí ẹ ó rà lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀. Kéèjì tó le tí a fi ń gbé ẹran, èyí tó ṣeé ṣí láti òkè. Abọ́ omi àti ti oúnjẹ. Nẹ́ẹ̀tì tó lágbára sójú fèrèsé. Àti igi tí yóò máa fi èékánná họ, kí ó ga tó pé ó lè nà tán lórí ìdúró. Bí kò bá rí igi yẹn, àga yín ni yóò họ. Ní ti àpótí ìyàgbẹ́, ẹ wá méjì, ẹ má gbé wọn síbì kan náà, ẹ má sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìlọ́po kan àbọ̀ gígùn ológbò náà láti imú dé ìdí ìrù. Àpótí oníke ńlá tí a fi ń kó aṣọ sí dára ju ọ̀pọ̀ àpótí ìyàgbẹ́ ọlọ́mọrí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Ní ti ilé ìsùn rẹ̀, páálí òfìfo ti tó.

Owó oṣooṣù ló ń rẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí wọn kì í ṣírò rẹ̀. Ológbò àgbà tó wọn nǹkan bíi kílò 4 máa ń jẹ bíi gíráàmù 50 sí 65 oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́, èyí tó sún mọ́ kílò 2 lóṣù. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò oúnjẹ rẹ̀, nítorí iye náà ń yàtọ̀ láti oúnjẹ kan sí òmíràn. Ẹ wá mọ iye ọjọ́ tí àpò kan yóò gbé e, kí ẹ sì ṣírò ti oṣù. Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, kí ẹ wá máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ má fún un ní oúnjẹ ajá torí pé ó rọ̀ lówó. Ó lè má ní taurine tó, èròjà tí ọkàn àti ojú ológbò kò lè ṣe láìsí. Ẹ fi owó yanrìn kún owó oṣù: kí yanrìn jìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5 nínú àpótí, kí ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò ọdọọdún, àjẹsára, oògùn aràn àti ìtọ́jú eyín, ẹ pín owó wọn sí ọ̀nà 12, kí ẹ máa kà á mọ́ ti oṣù.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù: owó pàjáwìrì. Ológbò mọ bí a ṣe ń fi àìsàn pa mọ́. Ìgbà tí a bá fi rí i, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Mo tọ́jú ọ̀kan rí tí wọ́n mú wọ ilé tuntun. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà fún ọjọ́ márùn-ún láìjẹun. Àwọn olówó rẹ̀ rò pé ó ń bínú ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, inú etí rẹ̀ ti di yẹ́lò bí pupa inú ẹyin. Bí ológbò kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ máa ń ya bo ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ náà á sì dẹ́kun iṣẹ́. Rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà wọ inú rẹ̀ ni a fi bọ́ ológbò yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó yè, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú náà ju owó oúnjẹ rẹ̀ fún ọdún kan lọ.

Nítorí náà, ẹ pe ilé ìwòsàn ẹranko tó sún mọ́ yín lónìí, kí ẹ béèrè iye àyẹ̀wò kan, iye tí wọ́n ń gbà bí wọ́n bá dá ẹran dúró mọ́jú tí wọ́n sì fa omi sí i lára, àti iye iṣẹ́ abẹ láti yọ ohun tó gbé mì. Méjì àkọ́kọ́ ni kí ó wà nílẹ̀ kí ológbò tó wọlé. Ẹ máa fi kún un lóṣooṣù títí yóò fi ká ẹ̀kẹta. Bí ẹ bá fẹ́ gba adójútòfò, ẹ tètè gbà á, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í sanwó àìsàn tó ti wà lára ẹran kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tó jẹ́ akọ ni tiyín: bó bá ń tiraka láti tọ̀ tí nǹkan kan kò jáde, wákàtí ni ẹ ní, kì í ṣe ọjọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ná yín lówó àfi kí ẹ kó wọn kúrò nílẹ̀: òwú àti rọ́bà tó lè gbé mì, òdòdó lílì tó ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, parasitamọ́ọ̀lù tí hóró kan ṣoṣo lè pa á, àti oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin, èròjà tó jẹ́ májèlé fún ológbò.

Lọ́jọ́ tó bá dé, yàrá kan péré ni kí ẹ mú un wọ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Ẹ ṣí kéèjì, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá sá pamọ́, ẹ má fà á jáde. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ máa ka ìwé yín, yóò wá fúnra rẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ ẹ máa wọn oúnjẹ inú abọ́ láràárọ̀, kí ẹ sì máa wo àpótí ìyàgbẹ́. Bí ọjọ́ kan bá lọ tí kò fẹnu kan oúnjẹ, ẹ pe dókítà; ẹ má dúró di ọjọ́ kẹta.