Èsì: Bàbá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń tẹ fóònù

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní àwọn ọmọ yín wá kí bàbá àgbà l'Ógbòmọ̀ṣọ́, bàbá ń sọ̀rọ̀, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ má já a gbà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kó o sí yàrá kí wọ́n tó jókòó, tiyín náà ńkọ́? Kó wọlé pẹ̀lú.

Ká kàn dojú ẹ̀ dé sórí tábìlì ò tó. Ní 2012, àwọn olùwádìí Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé fóònù sítòsí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ mọ́ra, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Àwọn mìíràn tún un wò lẹ́yìn náà, èsì wọn ò bára mu, àmọ́ èmi gbà á gbọ́.

Kíkó fóònù sí yàrá máa ṣiṣẹ́ bí ọwọ́ àwọn ọmọ ò bá dilẹ̀ o. Ẹ gbé ẹ̀gúsí fún wọn bó. Ẹni tó ń retí ìpè oníbàárà, kó jẹ́ kó máa dún ní yàrá.

Bí bàbá bá wá ń ki oríkì ilé yín, kí ọ̀kan sáré mú fóònù wá gbà á sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí.